Chip Olómi Tíńtìntín: Bí Ẹ Ṣe Máa Yà Á, Bí Ẹ Ṣe Máa Ṣe É, Tí Kò Fi Ní Jò

Ìbéèrè kan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí ń bi mí ṣáá: "Mo fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe chip, pẹlẹbẹ kékeré tí omi ń gba ọ̀nà tíńtìntín inú rẹ̀ kọjá, irú èyí tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò tàbí tí wọ́n fi ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé dandan ni kí n ní yàrá aláìléruku olówó ńlá?"

Kì í ṣe dandan. Ẹni tó bá ní abẹ, téèpù olójú méjì, gíláàsì pẹlẹbẹ, ike pẹlẹbẹ àti síríńjì lè ṣe chip àkọ́kọ́ rẹ̀ lónìí kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn kí a tó lọ síwájú. Inú ọ̀nà tíńtìntín yẹn kọ́ ni wàhálà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnubodè ni: ibi tí túùbù ti wọ chip, ibi tí ojú méjì ti lẹ̀ mọ́ra, ibi tí eruku àti afẹ́fẹ́ ń yọ́ gbà wọlé. Ẹni tó bá lo wákàtí 10 lórí àwòrán, tó wá lo ìṣẹ́jú 10 lórí ẹnubodè, chip rẹ̀ á jò. Ìdí nìyẹn tí ìtọ́sọ́nà yìí fi máa pẹ́ níbi tí àwọn mìíràn ti ń sáré kọjá.

## Ohun mẹ́ta tó yẹ kó yé yín nípa omi inú ọ̀nà tóóró

Omi kì í rú níbẹ̀. Ẹ ti omi pupa àti omi búlúù wọ ọ̀nà kan tó fẹ̀ tó maikirómítà 200 (maikirómítà 1 jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà). Ẹ ó rò pé wọ́n á di àwọ̀ kan lójú ẹsẹ̀. Ẹ wá gbé e sábẹ́ maikirosikóòpù: pupa ń lọ lápá òsì, búlúù ń lọ lápá ọ̀tún, ààlà àárín wọn gún régé bí ìlà tí wọ́n fi rúlà fà, wọ́n sì jọ yà ní kọ́nà láìwọnú ara wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo pe gbogbo ẹni tó wà nítòsí wá wò ó. Bí ọ̀nà bá jẹ́ maikirómítà 100, tí omi sì ń rin mílímítà 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, iye Reynolds rẹ̀ (nọ́ńbà tó ń fi hàn bóyá omi máa rú) kò ju nǹkan bí 0.1 lọ. Nínú páìpù lásán, ó máa ń tó nǹkan bí 2,000 kí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í rú.

Ìdàpọ̀ ń gba àkókò. Nǹkan kékeré bí àwọ̀ fluorescein máa lo nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10 kó tó tàn ká maikirómítà 100, àmọ́ kò ní lò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá láti tàn ká maikirómítà 10. Ẹ dín ọ̀nà kù sí ìdá mẹ́wàá, àkókò á dín kù sí ìdá ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ kí omi méjì pò pọ̀, ẹ jẹ́ kí ọ̀nà náà gùn kó sì máa lọ́ bí ejò, tàbí kí ẹ gbẹ́ ìlà wẹ́wẹ́ bí eegun ẹja sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Gíga ọ̀nà ló ń pàṣẹ. Ọ̀pọ̀ ló ń ronú lórí fífẹ̀ nìkan. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí: ọ̀nà kan gùn ní mílímítà 20, ó fẹ̀ ní maikirómítà 200, ó ga ní maikirómítà 100. Bí ẹ bá gbé ìgò omi sókè ní sẹ̀ǹtímítà 10 ju ẹnu ìjáde lọ, nǹkan bí maikirólítà 33 ló máa gba ibẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ dín gíga náà kù sí maikirómítà 50 láìfọwọ́ kan ohun mìíràn, omi tó ń kọjá á já sí nǹkan bí maikirólítà 5. Bí mọ́ọ̀dù yín (ohun tí ẹ máa da rọ́bà sí kí ọ̀nà lè yọ lára rẹ̀) bá fi díẹ̀ kúrú ju bí ẹ ṣe rò lọ, gbogbo ìṣirò yín ti yí padà nìyẹn.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ iṣẹ́ chip náà sílẹ̀ ní gbólóhùn kan

"Mo fẹ́ ya sẹ́ẹ̀lì ńlá sọ́tọ̀ kúrò lára kékeré." "Mo fẹ́ wo bí bakitéríà ṣe ń dàgbà fún wákàtí 12 bí mo ṣe ń pààrọ̀ oúnjẹ wọn." Bí ẹ kò bá tíì lè kọ gbólóhùn kan, ẹ má tíì ṣí kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá ti kọ ọ́, ẹ dáhùn ìwọ̀nyí:

- Kí ló máa gba inú rẹ̀ kọjá, báwo ló sì ṣe tóbi tó? Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí maikirómítà 8, ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ẹranko jẹ́ 10 sí 20, bakitéríà sì sábà máa ń jẹ́ 1 sí 2.
- Báwo ni omi tí ẹ ní ṣe pọ̀ tó? Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ẹ̀kán kan kò lè lo túùbù tó gùn ní mítà kan, torí inú túùbù yẹn ni gbogbo ẹ̀jẹ̀ náà máa parí sí.
- Ìgbà wo ló máa fi ṣiṣẹ́: ìṣẹ́jú márùn-ún ni, àbí ọjọ́ márùn-ún?
- Kí lẹ ó fi wo èsì? Bí ó bá jẹ́ maikirosikóòpù alágbára, gíláàsì ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́, nǹkan bí mílímítà 0.17, torí òun ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ ojú awò alágbára fún.
- Ṣé òróró tàbí kẹ́míkà líle máa wọ̀ ọ́?

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ yan ohun tí ẹ ó fi ṣe é

Bébà. Bí ẹ bá kàn fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan wà nínú omi tàbí kò sí, tí àwọ̀ á sì yí padà bó bá wà níbẹ̀, bébà tí wọ́n fi ń sẹ́ omi ti tó. Ẹ fi ìda ya ààlà, ẹ yan án díẹ̀ kí ìda wọ inú bébà dé ẹ̀yìn, omi á máa fà lọ fúnra rẹ̀ láìsí pọ́ǹpù. Ìda máa ń tàn sí ẹ̀gbẹ́ bó bá yọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ọ̀nà fẹ̀ ju bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ lọ nínú àwòrán.

Téèpù àti ike. Èyí ni mo gba gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ níyànjú láti fi bẹ̀rẹ̀. Bí téèpù bá ṣe nípọn tó ni ọ̀nà yín ṣe máa ga tó. Abẹ ọwọ́ lè gé ọ̀nà tó fẹ̀ ní mílímítà 1, ẹ̀rọ ìgébébà tí kọ̀ǹpútà ń darí sì lè gé e tó nǹkan bí maikirómítà 200 bí abẹ rẹ̀ bá mú.

PDMS lórí mọ́ọ̀dù. Rọ́bà tó mọ́ gaara ni. Ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀, afẹ́fẹ́ náà ń gba inú rẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì mí. Òun ni ọ̀pọ̀ yàrá ìwádìí ń lò. Àléébù rẹ̀ kò kéré: ó ń wú bí ẹ bá da kẹ́míkà bíi toluene, hexane tàbí chloroform sí i, ó sì ń mu àwọn oògùn kéékèèké tó fẹ́ràn ọ̀rá sínú ara rẹ̀. Ẹ lè rò pé sẹ́ẹ̀lì ni oògùn náà kò ràn, nígbà tó jẹ́ pé rọ́bà ló mu ún.

Ike líle tí wọ́n fi ẹ̀rọ gbẹ́ tàbí tí wọ́n tẹ̀ jáde. Ó dára bí ẹ bá fẹ́ ṣe chip púpọ̀ tó jọra, àmọ́ kì í ṣe ibi tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ya àwòrán náà

Inkscape (ètò ìyàwòrán lórí kọ̀ǹpútà) tó fún chip téèpù. Fún ìbòjú (pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ àwòrán sí, tí ìmọ́lẹ̀ máa gbà kọjá láti fi ṣe mọ́ọ̀dù), KLayout tàbí AutoCAD dára. Fún mọ́ọ̀dù tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D máa tẹ̀, ẹ lo FreeCAD tàbí irú rẹ̀.

Kí àwòrán tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ yẹ ìwọ̀nyí wò:

- Ọ̀nà ga tó ìlọ́po mẹ́ta ohun tó máa kọjá níbẹ̀, àyàfi bí ẹ bá mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ kó há síbẹ̀.
- Bó bá jẹ́ PDMS, kò sí ibi tó fẹ̀ ju ìlọ́po 10 gíga rẹ̀ lọ láìsí òpó láàárín. Bí kò bá sí òpó, òrùlé á wó lulẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ ilẹ̀.
- Ojú ihò tóbi ju ohun tí ẹ ó fi lu ú lọ. Bó bá jẹ́ mílímítà 1 lẹ fẹ́ lù, ẹ ya róbótó mílímítà 2.
- Ihò jìnnà sí etí chip àti sí ara wọn ní mílímítà 5 ó kéré tán.
- Òpó wẹ́wẹ́ tò síwájú ẹnu ìwọlé bí asẹ́, kí ìdọ̀tí má bàa dé ọ̀nà tóóró.
- Kọ́nà rí róbótó. Kọ́nà mímú ni afẹ́fẹ́ ń fara pamọ́ sí.
- Nọ́ńbà ẹ̀yà àwòrán wà lára chip fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ ò ní rántí èwo ni èwo.

Àṣìṣe mẹ́ta ló ń jẹ owó lọ́wọ́ àwọn tó ń yàwòrán. Èkíní, wọ́n fi mílímítà ránṣẹ́ sí ẹni tó ń retí maikirómítà. Èkejì, ìlà tí kò pàdé ara rẹ̀: lójú yín ó ti pa dé, àmọ́ ẹ̀rọ rí i pé ó ṣí sílẹ̀, ó sì pa á rẹ́. Ẹ̀kẹta, funfun àti dúdú pààrọ̀ ara wọn. SU-8, oje tí wọ́n sábà fi ń ṣe mọ́ọ̀dù, máa ń le níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn, nítorí náà ibi tó máa di ọ̀nà omi gbọ́dọ̀ mọ́ gaara lórí ìbòjú, kí ìyókù dúdú. Ẹ tún rántí pé ohun tí ẹ bá dà sórí mọ́ọ̀dù máa ń yí òsì sí ọ̀tún bí àwòrán inú dígí. Fún ọ̀nà lásán kò ṣe nǹkan kan. Fún lẹ́tà àti nọ́ńbà, ó ṣe pàtàkì.

## Ìgbésẹ̀ 4: Chip àkọ́kọ́ yín, pẹ̀lú téèpù

1. Ẹ ya ọ̀nà onírísí Y: ẹnu ìwọlé méjì, ẹnu ìjáde kan, fífẹ̀ mílímítà 1.
2. Ẹ gé e lára téèpù olójú méjì láìtíì bó bébà ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ lo abẹ tuntun. Abẹ tó ti kú máa ń fa téèpù ya, okùn wẹ́wẹ́ á sì kù sínú ọ̀nà.
3. Ẹ lu ihò mẹ́ta sára ike òkè kí ẹ tó lẹ nǹkankan. Ẹ fọ lẹ́búlẹ́bú ike tó ti ara ihò jáde kúrò dáadáa.
4. Ẹ fi ọtí isopropyl nu ike àti gíláàsì, ẹ jẹ́ kó gbẹ.
5. Ẹ lẹ téèpù mọ́ gíláàsì láti ẹ̀gbẹ́ kan lọ sí èkejì, díẹ̀díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má há sábẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé ike lé e lórí, kí ihò ṣe déédéé ojú ọ̀nà.
6. Ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ yíká etí ọ̀nà. Ibi tí téèpù ti lẹ̀ dáadáa máa ń mọ́ gaara, ibi tí kò lẹ̀ máa ń funfun. Ẹ tẹ̀ ẹ́ títí funfun fi tán.
7. Ẹ ti omi aláwọ̀ méjì wọ̀ ọ́, kí ẹ wo ààlà àárín wọn.

Ẹ ṣe márùn-ún bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe dá dúró lórí ọ̀kan tó ṣiṣẹ́, torí èyí tó jò ló máa kọ́ yín níṣẹ́.

## Ìgbésẹ̀ 5: Dída PDMS

Mọ́ọ̀dù lẹ nílò kọ́kọ́. Èyí tó péye jù ni SU-8 lórí àwo silicon: wọ́n á da SU-8 sí i, wọ́n á yí àwo náà kó lè tẹ́ bákan náà, wọ́n á yan án, wọ́n á tan ìmọ́lẹ̀ UV gba inú ìbòjú, wọ́n á tún yan án, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi kẹ́míkà fọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò kàn kúrò. Ẹ má ra ẹ̀rọ yìí láti kọ́ṣẹ́. Ẹ yà àwòrán, kí ẹ bẹ ẹni tó ní in lọ́wẹ̀ láti bá yín ṣe é. Mọ́ọ̀dù kan tí wọ́n tọ́jú dáadáa lè da ọ̀pọ̀lọpọ̀ chip. Bó bá jẹ́ ìbòjú ike tí wọ́n tẹ̀ ní 25,400 dpi (àmì 25,400 nínú íǹṣì kan) ni ẹ ń lò, ohun tó bá kéré ju nǹkan bí maikirómítà 10 kò ní jáde dáadáa.

Mọ́ọ̀dù 3D tún wà. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ olóje (resin) ni ẹ fi tẹ̀ ẹ́, ẹ ṣọ́ra: oje tí kò tíì le tán lára rẹ̀ kò ní jẹ́ kí PDMS gan. Ẹ fọ mọ́ọ̀dù náà nínú ọtí isopropyl, ẹ tún tan UV sí i, kí ẹ sì fi sínú ófùnù mọ́jú kí ẹ tó lò ó.

Ó yá:

1. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ nitrile. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ latex. Mo ti da PDMS kan rí tó wà nínú ófùnù láti àárọ̀ di alẹ́, tó ṣì ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí oje igi. Mo tún ìwọ̀n rẹ̀ ṣe, mo fi kún ooru, mo ju ìgò kan nù. Ìbọ̀wọ́ mi ni: sulfur inú latex ń pa agbára ohun tó ń mú PDMS le.
2. Ẹ wọn apá 10 lára ìpìlẹ̀ rẹ̀ sí apá 1 lára ohun tó ń mú un le, bíi gíráàmù 30 sí gíráàmù 3. Òṣùwọ̀n ni kí ẹ lò.
3. Ẹ rò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ó kéré tán, kí ẹ máa ha ara ife àti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bó bá ti funfun bí ìhó ọṣẹ, ó ti pò.
4. Ẹ gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Ó máa ń wú sókè, nítorí náà kó má ju ìdá mẹ́ta ife lọ. Bí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ, ẹ dà á sórí mọ́ọ̀dù díẹ̀díẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ fi ẹnu abẹ́rẹ́ bẹ́ ìhó tó bá kù lójú rẹ̀.
5. Ẹ dà á sórí mọ́ọ̀dù títí tó fi nípọn tó mílímítà 5. Bó bá fẹ́lẹ́ jù, túùbù ò ní dúró nínú rẹ̀. Ẹnubodè náà nìyẹn o.
6. Ẹ rí i pé ibi tí ẹ gbé e sí tẹ́jú. Ẹ yan án ní 65°C fún wákàtí mẹ́rin tàbí mọ́jú. 80°C fún wákàtí méjì náà dára. Bí kò bá sí ófùnù, nǹkan bí wákàtí 48 ló máa gbà nínú yàrá lásán.
7. Ẹ gé e yíká, kí ẹ rọra ṣí i láti igun kan. Ẹni tó bá fà á pẹ̀lú ipá máa fọ́ àwo silicon.

Mọ́ọ̀dù tuntun gbọ́dọ̀ ti gba silane, kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí rọ́bà lẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ tó da ohunkóhun sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ PDMS lè lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá da mọ́ọ̀dù kan, ẹ gé pẹlẹbẹ tínrín lára PDMS náà lóròó, ẹ gbé e sí maikirosikóòpù, kí ẹ fojú ara yín wọn gíga ọ̀nà.

## Ìgbésẹ̀ 6: Lílu ihò àti lílẹ̀ mọ́ra

Ibí yìí ló ń ya chip tó ń ṣiṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ń jò.

Ẹ dojú ibi tí ọ̀nà wà sókè, ẹ lu ihò láti ibẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn. Bí ẹ bá lù ú láti ẹ̀yìn, ihò lè yẹ ojú ọ̀nà, etí rẹ̀ á sì ya níbi tó yẹ kó lẹ̀ jù. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé ní gbọọrọ títí tó fi yọ lódìkejì, kí ẹ má yí i. Kí ẹ tó yọ irin náà, ẹ ti èérún rọ́bà inú ihò jáde, kí ẹ sì fojú rí i. Mo máa ń kà wọ́n sórí tábìlì: ihò mẹ́ta, èérún mẹ́ta. Bí ẹ bá rí méjì péré, ẹ̀kẹta ṣì wà nínú chip, òun ló sì máa dí ọ̀nà yín lọ́la. Ihò gbọ́dọ̀ fi díẹ̀ kéré ju túùbù lọ, kí rọ́bà lè há a mọ́ra.

Ẹ lẹ téèpù lásán sójú PDMS kí ẹ sì ṣí i, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Ó máa ń kó eruku lọ. Ẹ fọ gíláàsì, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá.

Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ plasma (ó ń fi afẹ́fẹ́ tí iná mànàmáná ti wọ̀ yí ojú PDMS àti gíláàsì padà kí wọ́n lè lẹ̀ mọ́ra):

1. Ẹ kó gíláàsì àti PDMS sínú rẹ̀, kí ojú tó máa lẹ̀ kọjú sókè.
2. Ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 60 tó. Ẹ má rò pé bó bá pẹ́ ló dára. Bó bá pẹ́ jù, ojú PDMS á sán, kò sì ní lẹ̀ dáadáa.
3. Ẹ gbé wọn lé ara wọn láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì. Ẹ má fọwọ́ kan ojú tí plasma ti kàn, ẹ má sì gbé e lé e lẹ́ẹ̀mejì.
4. Bí ẹ bá ṣe gbé e lé e, ẹ máa rí i tí ó ń lẹ̀ lọ bí omi tó ń tàn lórí ilẹ̀. Ẹ rọra tẹ etí rẹ̀. Ẹ má tẹ orí ọ̀nà tó fẹ̀.
5. Ẹ gbé e sí 80°C fún ìṣẹ́jú 10 sí 30.

Bí ẹ kò bá mọ̀ bóyá plasma ṣiṣẹ́, ẹ kán omi sórí gíláàsì tàbí PDMS mìíràn tẹ́ ẹ jọ kó wọlé. Bí omi bá tàn pẹrẹsẹ, ó ṣiṣẹ́. Bó bá dúró róbótó bí ìlẹ̀kẹ̀, kò ṣiṣẹ́.

Bí kò bá sí plasma, ẹ lè lo ọ̀pá corona alágbèéká tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Tàbí kí ẹ ṣe apá méjèèjì pẹ̀lú PDMS: ọ̀kan ní 5 sí 1, èkejì ní 20 sí 1, ẹ yan wọ́n kó má tíì gan tán, ẹ gbé wọn pọ̀, kí ẹ parí yíyan wọn. Ohun tó pọ̀ jù lápá kan máa wọ inú èkejì, wọ́n á sì di ọ̀kan.

## Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ so omi mọ́ ọn

Pọ́ǹpù síríńjì dára, àmọ́ ìgò omi tí ẹ gbé sókè náà lè ṣe iṣẹ́ púpọ̀ bí ẹ ṣe rí i nínú ìṣirò òkè yẹn. Bí ẹ bá lo pọ́ǹpù, tí omi sì gbọ́dọ̀ lọ jẹ́jẹ́, ẹ lo síríńjì kékeré. Síríńjì ńlá máa ń jẹ́ kí omi máa fò níwọ̀n-níwọ̀n nítorí pé ìṣísẹ̀ kékeré kan ti ń ti omi púpọ̀ jáde. Ẹ sì ní sùúrù lẹ́yìn tí ẹ bá yí iye omi padà: rọ́bà máa ń wú díẹ̀, ó ń gba àkókò kó tó dúró déédéé.

Ẹ fi omi aláwọ̀ dán an wò kí sẹ́ẹ̀lì tàbí ẹ̀jẹ̀ tó kàn án. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 30 ní ìlọ́po méjì agbára tí ẹ fẹ́ lò gan-an, kí ẹ fi bébà funfun kan ẹsẹ̀ túùbù kọ̀ọ̀kan. Bí àwọ̀ bá hàn lórí bébà, ó ń jò.

Ìhó afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá tó ga jù. Ìhó kan ṣoṣo lè dí ọ̀nà, ó sì lè ha gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó wà lójú ọ̀nà rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí:

- Mo máa ń kọ́kọ́ fi ethanol kún ọ̀nà, torí ó ń rìn wọ gbogbo kọ́nà, lẹ́yìn náà ni màá fi omi lé e jáde.
- Mo máa ń fi omi kún túùbù títí dé ẹnu rẹ̀, màá kán omi sórí ihò, kí omi pàdé omi nígbà tí mo bá ń tì í wọlé.
- Omi tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú òtútù kì í wọ chip mi. Bó bá ṣe ń gbóná ni afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń yọ.
- Bí ọ̀nà bá ní ibi tí kò jáde síbì kankan, mo máa ń gbé chip PDMS sínú ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, màá mú un jáde, màá kán omi sẹ́nu ihò lójú ẹsẹ̀. Rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ti tán nínú rẹ̀ á fa omi wọlé fúnra rẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 8: Bí sẹ́ẹ̀lì bá máa gbé inú rẹ̀

PDMS lè wọ ìkòkò oníooru tí wọ́n fi ń pa kòkòrò àrùn (autoclave) ní 121°C láìbàjẹ́. Ẹ sì lè fi ethanol 70% fọ inú rẹ̀, kí ẹ fi omi iyọ̀ tó bá sẹ́ẹ̀lì mu ṣàn án dáadáa. Bí ẹ bá fẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, ẹ fi prótéènì bíi fibronectin tàbí collagen tẹ́ ẹ; bí ẹ kò bá fẹ́ kí nǹkan lẹ̀, BSA 1% (prótéènì inú ẹ̀jẹ̀ màlúù) ni.

Ewu méjì ni kì í hàn sójú. Omi ń gbẹ gba ara PDMS, iyọ̀ á sì máa pọ̀ sí i fún sẹ́ẹ̀lì. Ẹ tọ́jú chip síbi tó lọ́rinrin. Èkejì, agbára tí omi fi ń ha sẹ́ẹ̀lì. Bí ẹ bá dín gíga ọ̀nà kù sí ìdajì, tí iye omi kò yí padà, agbára yẹn á di ìlọ́po mẹ́rin. Bí sẹ́ẹ̀lì yín bá ń ṣí kúrò nílẹ̀, ẹ wo ìyẹn kí ẹ tó dá oúnjẹ wọn lẹ́bi.

## Bí ẹ bá rí èyí, ẹ wo ibẹ̀ yẹn

- *PDMS ṣì ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́:* ìwọ̀n rẹ̀, ìbọ̀wọ́ latex, tàbí mọ́ọ̀dù olóje tí kò le tán.
- *Chip ṣí kúrò lára gíláàsì:* eruku, omi tí kò gbẹ, tàbí ẹ pẹ́ lẹ́yìn plasma.
- *Omi ò lọ rárá:* èérún rọ́bà inú ihò, tàbí òrùlé tó wó. Ẹ wò ó lábẹ́ maikirosikóòpù kí ẹ tó fi kún agbára. Agbára púpọ̀ á ṣí ibi tó ti lẹ̀.
- *Ó ń jò lẹ́sẹ̀ túùbù:* ihò tóbi jù, ó ya, tàbí túùbù wọ̀ ọ́ ní ẹ̀gbẹ́.
- *Lánàá omi ń wọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, lónìí kò wọ̀ mọ́:* PDMS ti padà sí ìwà rẹ̀ àtilẹ̀wá tó ń kọ omi. Ẹ fi omi kún un ní gbàrà tí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ tán, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

## Ìkìlọ̀

Silane àti kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ SU-8 kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ṣí nínú yàrá lásán. Abẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa èéfín jáde ni ààyè wọn. Kẹ́míkà ìfọ SU-8 tún máa ń gbiná. Ìmọ́lẹ̀ UV ń ba ojú jẹ́ láìjẹ́ pé ó dunni lójú ẹsẹ̀, ẹ wọ awò ìdáàbòbò. Ẹ̀jẹ̀ èèyàn, kódà ẹ̀kán kan, ẹ fọwọ́ mú un bí ohun tó lè ní àrùn, kí ẹ sì pa kòkòrò inú chip, túùbù àti síríńjì kí ẹ tó dà wọ́n nù. Bí túùbù bá dí, ẹ má fi ọwọ́ ti síríńjì pẹ̀lú ipá: ó máa ń já, ohun tó wà nínú rẹ̀ á sì fọ́n sójú ẹni tó tẹjú mọ́ chip.

## Bí ẹ ṣe máa tẹ̀ síwájú

Ìtò tí mo fi ń kọ́ àwọn tó bá wá bá mi ni: Y onítéèpù, Y onítéèpù tó ń lọ́ bí ejò, kí ẹ wo ibi tí àwọ̀ méjì ti di ọ̀kan, Y kan náà ní PDMS, lẹ́yìn náà, T tó ń gé omi sí ẹ̀kán wẹ́wẹ́ nínú òróró. Fún T yìí, ara ọ̀nà gbọ́dọ̀ máa kọ omi, kí òróró lè yí ẹ̀kán ká; ẹ jẹ́ kí plasma rẹ̀ ti tán lára kí ẹ tó lò ó, kí ẹ sì fi ohun tí kì í jẹ́ kí ẹ̀kán so pọ̀ sínú òróró náà. Bí ẹ bá fẹ́ àwòrán ẹlòmíràn láti tú wò, Metafluidics jẹ́ ibi kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn èèyàn ń kó àwòrán chip wọn sí fún ẹnikẹ́ni láti mú.

Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọjọ́, nọ́ńbà ẹ̀yà, ìwọ̀n, ooru, àti ibi tó ti jò sínú ìwé kan. Ẹ má lọ sí èyí tó kàn títí tí ẹ ó fi ṣe mẹ́ta léra tí kò sí àwọ̀ kankan lórí bébà funfun yẹn.